Ẹni Tí Ó Gba Owó Ìbò, Ṣé Ó Jẹ Gbèsè Ni?



Ìyá àgbà kan dá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn lẹ́yìn Mísà kejì. Kì í ṣe inú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni a ń fi í sílẹ̀ sí. Ìta gbangba ni, ìyá náà sì gbà mí láyè kí n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín láìdárúkọ òun. Ó ní: “Fadá, nígbà ìdìbò tí ó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ kan fún mi lówó. Mo gbà á. Mo ṣe ìlérí fún wọn pé àwọn ni n ó dìbò fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń tẹ̀ka, ọkàn mi kò gbà á, ẹlòmíràn ni mo tẹ̀ka fún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ṣé olè ni mo jà ni, àbí irọ́ ni mo pa?”

Mo dá a lóhùn wéréwéré pé, “Màmá, ẹ ṣe dáadáa, ẹ má da ọkàn yín láàmú.” Ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó sí ìdí oúnjẹ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo rí i pé èsì mi ti yá jù. Bí ó bá ṣe dáadáa ní tòótọ́, a jẹ́ pé olúkúlùkù lè máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́, kí ó sì máa pa irọ́ kan náà fún gbogbo wọn. Bí kò bá sì ṣe dáadáa, kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ṣé kí ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kí ó tẹ̀ka fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kọ̀? Mo jẹ ìyá náà ní èsì tí ó kún ju èyí tí mo fún un lọ. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn láàárín wa ní Àpáta yìí àti ní àwọn abúlé tí ó wà ní ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ má ṣe retí pé n ó sọ ẹgbẹ́ tí ẹ ó dìbò fún. Òfin Ìjọ kò gba àlùfáà láyè láti máa kópa nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo dúpẹ́ fún òfin náà, nítorí ó ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlejò.

Ẹ má sì ṣe rò pé aláìmọ̀kan ni ìyá yìí. Ohun tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu jẹ́ ohun tí àwọn baba wa fi kọ́ wa láti kékeré, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó gba oore, kò san án bí ó ti wí pé òun yóò san án. Nítorí náà, lójú ara rẹ̀, ọlọ́ṣà ni. Ọkàn tí ó lè ro irú èrò báyìí ṣì wà láàyè. Ó sàn fíìfíì ju ọkàn ẹni tí ó gba ti ẹgbẹ́ mẹ́ta, tí ó sì sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìdí tí oore àti ìbò fi so pọ̀ mọ́ra lọ́kàn wa kò jìnnà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìbò ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Ní ọdún 1951, nígbà tí a yan àwọn aṣòfin sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ òfin tí a fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè, kì í ṣe pé ará oko kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìdìbò lọ sínú àpótí fún ẹni tí yóò lọ jókòó nílé aṣòfin. Àwọn tí ń san owó orí ní abúlé àti ní àdúgbò yan ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn tún yan àwọn mìíràn. Ìpàdé ìkẹyìn ni ó wá yan aṣòfin. Ta ni ará abúlé yóò sì yàn bí kò ṣe baálé rẹ̀, tàbí mọ́gàjí agboolé rẹ̀, tàbí ẹni tí mọ́gàjí bá nàka sí? Agboolé ni ó ń dìbò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn ń tẹ̀lé agboolé ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tẹ̀lé e lọ sí oko, sí ìnáwó àti sí ilé òkú.

Ẹ sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mẹ́fà ni àwọn aṣòfin tí ilé Ìbàdàn yàn lábẹ́ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Ibadan People’s Party. Nígbà tí ilé aṣòfin fi máa ṣí ní oṣù kìíní ọdún 1952, márùn-ún nínú wọn ti wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Action Group. Adégòkè Adélàbú nìkan ni ó dúró ti NCNC. Àwọn onítàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí àwọn márùn-ún náà ti bá ẹgbẹ́ náà sọ ṣáájú ìdìbò, n kò sì fẹ́ dá sí ìjà wọn. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn kà á sí pé a ti tà wọ́n. Láti inú ìbínú yẹn ni Adélàbú, ẹni tí àwọn tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ di Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ti rí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti àwọn tí ń san owó orí kó jọ sínú Mábọ̀lájẹ́. Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn. Nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ènìyàn kì í ṣe irú ọ̀fọ̀ yẹn nítorí ẹni tí ó kàn fún un lówó. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn baba wa kò mọ̀ ju kí wọ́n ta ìbò lọ. Ìbò jẹ́ ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún ẹni tí ó dúró tini. Ẹni ńlá a máa bọ́ ènìyàn, a máa sanwó ilé ìwòsàn, a máa bá ni gba ọmọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò, a ó tẹ̀lé e. Títí di ọdún 2008 tí Olóyè Làmídì Adédibú fi kú, gbogbo Ìbàdàn ni ó mọ ilé rẹ̀ ní Mọ̀lété sí ilé tí a ti ń jẹun, tí àwọn kan sì ń pe irú ìṣèlú bẹ́ẹ̀ ní ìṣèlú àmàlà. N kò wí pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ àmàlà lónìí mọ ilé tí òun yóò lọ bí òjò bá ṣí òrùlé òun lọ́la. Ẹni tí ó gba owó ní ẹ̀yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò kò mọ ilé ẹni tí ó fún un, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fún un kò fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Ọjà ni ó ti dà. Ṣùgbọ́n èdè oore ni a ṣì ń fi sọ ọ́, èdè náà ni ó sì ń dá ìyá wa lẹ́bi.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ṣé ohun tí a lè fi san oore ni ìbò?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ alájọ rò ó. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é lóore ńlá. Ṣé ó lè ṣí àpò àjọ kí ó fi owó inú rẹ̀ dúpẹ́? Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé oore náà kò yẹ ní ọpẹ́. Owó náà ni kì í ṣe tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìbò rí. Orúkọ mi ni ó wà lára káàdì, àtàǹpàkò mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pinnu ju tèmi lọ. Ó ń pinnu bóyá afárá abúlé kan tí n kò dé rí yóò dúró, àti bóyá ọmọ ẹlòmíràn yóò rí àga jókòó sí ní kíláàsì. Àwọn tí kò lè dìbò, èyíinì ni àwọn ọmọdé, àwọn aláìsàn tí kò lè dìde, àwọn tí a kò tíì bí, apá wọn wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Àpéjọ Fatikáànì Kejì, nínú ìwé tí ó ṣe ní ọdún 1965 lórí Ìjọ nínú ayé òde òní, fi so ẹ̀tọ́ ìdìbò pọ̀ mọ́ ire gbogbogbò, tí ó sì pè é ní ojúṣe pẹ̀lú. Katikísìmù Ìjọ kà á mọ́ sísan owó orí. Bí ìbò bá jẹ́ tèmi nìkan, mo lè fi ta ọrẹ bí mo ti lè fi iṣu mi ta ọrẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu mi.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìlérí tí ìyá wa ṣe ńkọ́? Ìlérí láti fi ohun ẹlòmíràn san oore kò lè de ni. Ẹ rántí Hẹ́rọ́dù tí ó búra fún ọmọbìnrin tí ó jó níwájú rẹ̀. Nítorí ìbúra yẹn àti nítorí ojú àwọn àlejò rẹ̀, ó bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó jẹ́ yin Hẹ́rọ́dù pé ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú bí ó ti ṣe ìlérí aláìlópin; nígbà tí ó sì mú un ṣẹ, ó fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá wa dúró níwájú àpótí tí ó tẹ̀lé ọkàn rẹ̀, kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Apá ibẹ̀ yẹn nínú èsì tí mo kọ́kọ́ fún un tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni bí mo ti jẹ́ kí ó rò pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ni ó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn: ní ìgbà tí ó na ọwọ́ gba owó náà, tí ó sì fi ẹnu sọ pé ó di tiwọn.

Àwọn kan yóò wí pé, “Fadá, kí ni ó burú nínú gbígbà? Owó wa náà ni wọ́n jí kó. Ẹ jẹ́ kí a gbà á padà, kí a sì dìbò bí ó ti wù wá.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpònú, àwọn ẹni ńlá sì ti sọ irú rẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Filipíìnì, nígbà ìdìbò oṣù kejì ọdún 1986 tí Ààrẹ Marcos ń ná owó bí omi, Kádínà Sin ti Manila sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gba owó, kò dè wọ́n. Kí wọ́n tẹ̀lé ẹ̀rí-ọkàn wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó ń bá ènìyàn tí a ti gbá mú sínú pàkúté sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ọ̀nà àbájáde hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi yọ ẹni tí ó ti bọ́ sínú kànga, a kì í fi í kọ́ ọmọdé pé kí ó máa bẹ́ sínú rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ó ń já sí. Ẹni tí ó ń ra ìbò kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ó bá ti mọ̀ pé àwọn kan ń gba owó òun tí wọn kò dìbò fún òun, yóò wá ọ̀nà láti rí i dájú. Nígbà àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń wà, tòun ti àmì rẹ̀, ti Ọlọ́pẹ ní ọ̀pẹ, ti NCNC ní àkùkọ. Ó rọrùn fún ẹni tí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run láti fi ìwé rẹ̀ sápò, kí ó sì gbé e jáde fún ẹni tí yóò rà á. Ní òde òní, ìwé ni wọ́n ń ní kí a gbé sókè kí wọ́n rí i, tàbí kí a fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ wá. Gbogbo wa ni a gbọ́ nípa ìdìbò gómìnà Èkìtì ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2018, ibi tí “dìbò kí o sebẹ̀” ti di orin lẹ́nu ará ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ INEC fi òfin de fóònù ní ibi tí a ti ń tẹ̀ka. Ìyá wa rí ibi fara pa mọ́ sí láti tẹ̀lé ọkàn rẹ̀ nítorí pé ìbò ṣì jẹ́ àṣírí. Bí gbogbo wa bá ń ṣe bí ó ti ṣe, tí a ń gbà tí a sì ń yà, ìkọ̀kọ̀ yẹn gan-an ni wọn yóò fọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí ibi tí yóò fara pa mọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ti fi Ésáù pòwe lórí rẹ̀, pé ó ta ogún àkọ́bí nítorí àwo ọbẹ̀ kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ ka ìtàn náà nínú Ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ésáù ti oko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á débi pé ó rò pé òun yóò kú. Ta ni ó sì bá nídìí ìkòkò? Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí ọmọ ìyá ẹni ṣe bí ó bá rí ẹni tí ebi ń pa? Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò tí a kò mọ̀ rí pàápàá, a ó ní kó wá jẹun. Jákọ́bù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó rí ebi arákùnrin rẹ̀, ó sì dá iye lé e. A ti bá Ésáù wí tó. Ìgbà wo ni a ó bá ẹni tí ó mú ṣíbí lọ́wọ́ wí? Jákọ́bù fúnra rẹ̀ kò gbádùn ohun tí ó rà bọ̀rọ̀: ó sá kúrò nílé, ọ̀dọ̀ Lábánì ni òun náà ti mọ bí a ti ń rẹ́ni jẹ.

Nítorí náà, bí a bá ní kí a wọn ẹ̀ṣẹ̀, n kò ní gbé ti ìyá tí ó gba owó gàrí sí orí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó kó owó náà sínú ọkọ̀ wá. Òfin ìjọba kò yà wọ́n sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ní abala 121, ti mú ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà pọ̀, ìjìyà rẹ̀ nígbà náà sì lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ó dára kí òfin rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń wo ohun tí ó ti ọwọ́ ẹni síni. Ẹni tí ó lè tún ọ̀nà oko ṣe kí àgbẹ̀ lè rí irè rẹ̀ tà, tí kò tún un ṣe, tí ó wá padà ní ọdún kẹrin pẹ̀lú owó tùràrí láti ra ìbò lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan náà tí irè rẹ̀ jẹrà sóko, òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè ebi tí ó fi ń ra ọjà. Ẹ tilẹ̀ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ó bá fún yín ní 5,000 náírà fún ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Ọmọ kékeré tí a bá fún ní náírà mẹ́rin yóò bi wá bóyá a ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni.

Ó ku owó náà fúnra rẹ̀. Ṣé kí a dá a padà fún ẹni tí ó ni ín? Tómásì Mímọ́ ti Aquino gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ńlá rẹ̀. Bí mo ti yé e sí, ó wí pé bí ó bá jẹ́ pé fífún ni gan-an lòdì sí òfin, bíi ti ẹni tí ó fi owó ra oyè àlùfáà, ẹni tí ó fún ni ti pàdánù owó náà, a kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún ara rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ àánú ni kí a fi ṣe. Mo rò pé owó ìbò wọ inú èyí dáadáa. Ìyá wa kò jẹ ẹgbẹ́ náà ní kọ́bọ̀.

Mo sọ èyí fún un nígbà tí a tún pàdé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fadá, tálákà tí ẹ ní kí n fún, èmi nìyẹn. Mo ti fi ra gàrí àti epo.” N kò rí èsì kíá. Èmi tí ìjọ ń bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, n kò ní sọ fún opó pé kí ó ta aṣọ rẹ̀ kí ó lè rí owó gàrí àná fi tọrẹ. Mo ní kí ó bẹ Ọlọ́run, kí ó sì máa fún ẹni tí ebi ń pa jù ú lọ ní ìwọ̀nba tí ó bá ní. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba owó náà tí kò sì ṣe aláìní, tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ó wá mi wá. A mọ àwọn tí yóò fún.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin àgbà àwọn abúlé sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ máa ń wí pé abúlé kékeré kò ní agbára bí kò bá sọ̀rọ̀ ní ohùn kan, pé bí ìbò wa bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò sí ẹni tí yóò rántí ọ̀nà wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ará abúlé jókòó, kí wọ́n jíròrò, kí wọ́n sì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: nígbà tí ẹ fẹnu kò, ta ni ó wà níbẹ̀? Ṣé àwọn obìnrin sọ̀rọ̀? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, àti àwọn àlejò tí ń ro oko lọ́dọ̀ yín, tí àwọn náà ní káàdì? Ǹjẹ́ ìdí tí a fi yan ẹni náà jẹ́ ohun tí a lè sọ sókè lójú gbogbo abúlé? Bí ó bá jẹ́ pé àpò kan ni ó dé ọ̀dọ̀ baálé lóru, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí ó ní ẹgbẹ́ báyìí ni a ó ṣe, ìyẹn kì í ṣe ohùn kan. A ti ta abúlé lódindi ni, àwọn tí a tà kò sì mọ̀. Ẹni tí ó ta ìbò ara rẹ̀ ṣẹ̀. Ẹni tí ó ta ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó fọkàn tán an ṣẹ̀ jù ú lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń ka èyí: pé ìbò kò já mọ́ nǹkan, ẹni tí wọ́n fẹ́ ni wọn yóò kéde. Ó ṣòro fún mi láti bá wọn jà. Ní ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí a ṣe ní ìpínlẹ̀ wa ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo ipò alága mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ tí gómìnà wà nínú rẹ̀ sì ni. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yòówù kí ó wà lórí àga. Ní ìdìbò Ààrẹ ní ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 25 ni ó jáde wá dìbò. Kò tó ẹnìkan nínú mẹ́ta. Àwọn tí ó jókòó sílé kì í ṣe ọ̀lẹ gbogbo wọn. Ó ti sú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí ọdún 1965 mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn irú ìsúni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún yẹn tí ará Ìwọ̀-Oòrùn sì gbà pé wọ́n yí i, wọn kò jókòó sílé. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n da epo sára ilé àti sára ènìyàn. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn sójà ti gba ìjọba. N kò mọ bí ẹni tí ó ń yí ìbò lónìí ti ń sùn lóru pẹ̀lú ìtàn yìí.

Síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó súnmọ́ wa jù. Òfin orílẹ̀-èdè wa fi ọjà, gáréèjì, gọ́tà, ojú ọ̀nà kéékèèké, ibi ìsìnkú, àti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní ipa nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, kí gómìnà má ṣe dí i lọ́nà mọ́. A lè béèrè lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ wa, láì dúró de ọjọ́ ìdìbò, pé kí ni wọ́n ń fi owó tí ó bá dé ṣe. Ìyẹn kò ná wa ní nǹkan kan ju pé kí a lọ sí ìpàdé lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ wa ń wá ẹni méjì tí yóò lọ.

Ìyá náà ní ìbéèrè kan síi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan ti ní kí ó wá ṣe aṣojú wọn níbi ìdìbò tí ń bọ̀, wọn yóò sì fún un ní owó iṣẹ́ tí ó bófin mu. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni wọn yóò tún fún ní owó kejì láti pín. Ṣé kí ó gba iṣẹ́ náà kí ó sì kọ owó kejì, nígbà tí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ ọ́, iṣẹ́ náà bọ́ nìyẹn? Mo ní kí ó mú ọmọ náà wá. Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà kejì, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun tí ó lè fi ràn wá lọ́wọ́, kí ó gbé àga tirẹ̀ dání wá, nítorí àwọn tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀.